Ọ̀bẹ Tó Mọ Ìwọ̀n: Báwo Ni Oúnjẹ Gígé Inú Pákẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Wúwo Bákan Náà?

Lórí àtẹ ilé ìtajà ńlá ní London tàbí ní Rotterdam, ẹ ó rí pákẹ́ẹ̀tì wàràkàṣì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gígé tó tò lọ bẹẹrẹ. Ègé mẹ́wàá lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ 200 gíráàmù sára gbogbo wọn, kí wọ́n sì máa ta gbogbo wọn ní iye kan náà. Ẹni tó bá mọ ibi tí irú oúnjẹ yìí ti wá ló yẹ kó bèèrè pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì kì í sanra bákan náà. Wàràkàṣì méjì tí wọ́n fi wàrà ọjọ́ kan náà ṣe lè yàtọ̀ nínú omi tó ṣẹ́ kù sára wọn àti ihò tó wà nínú wọn. Ohun tí kò dọ́gba ló wọ inú ẹ̀rọ, ohun tó dọ́gba ló jáde. Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé òṣùwọ̀n ló ṣe é: wọ́n wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì yọ èyí tí kò pé sọ́tọ̀. Ìdáhùn yẹn kò kúnná. Kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀, ọ̀bẹ ti gé e tán, kò sì sẹ́ni tó lè lẹ ègé padà mọ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìmọ̀ tó ṣáájú gígé ló ń mú ìwọ̀n dọ́gba, àti pé iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ òṣùwọ̀n ni pé kó máa kọ́ ọ̀bẹ bí yóò ṣe gé èyí tó kàn.

Ẹ wo ẹni tó ń gé iṣu, tó fẹ́ kí ó kárí àwọn ọmọ ilé láìsí ìjà. Iṣu kì í tóbi bákan náà láti orí dé ìdí. Bí ó bá gé e ní ìnípọn kan náà jálẹ̀, ẹni tó gba àárín á yó, ẹni tó gba ìdí á máa ráhùn. Nítorí náà, ojú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọn iṣu náà: ibi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, á gé e nípọn, ibi tó bá tóbi, á gé e fẹ́lẹ́. Ohun mẹ́ta ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn náà ló sì wà nínú gbogbo ẹ̀rọ tí orí yìí yóò sọ̀rọ̀ lé. Èkíní ni ojú gígé, ìyẹn bí ibi tí ọ̀bẹ là ṣe fẹ̀ tó. Èkejì ni ìnípọn ègé. Ẹ̀kẹta ni ìkì, ìyẹn bí ohun náà ṣe wúwo tó fún àyè tí ó gbà: ẹran tí kò ní ọ̀rá ki ju ọ̀rá lọ, wàràkàṣì tí kò ní ihò sì ki ju èyí tí ihò kún inú rẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yí padà tí òmíràn kò sì yí láti gbè é, ìwọ̀n ègé á yí. Ìnípọn nìkan ló wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń gé e. Ojú gígé àti ìkì ti wà lára oúnjẹ náà kó tó dé iwájú ọ̀bẹ.

Nígbà kan, ìnípọn nìkan tó. Ní 1898, apẹran kan ní Rotterdam tó ń jẹ́ Wilhelm van Berkel ṣe ẹ̀rọ tó ń gé ẹran sí ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìnípọn wọn dọ́gba. Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń gé e. Wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n, owó á sì tẹ̀lé ìwọ̀n. Bí ègé kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ sínú pákẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà tó dé ni ọ̀rọ̀ dojú rú: wọ́n ti kọ ìwọ̀n, wọ́n ti fi owó lé e, ó wá ku kí oúnjẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ. Búrẹ́dì gígé, tó jẹ́ oúnjẹ gígé inú ọ̀rá tí àwa ní Nàìjíríà mọ̀ jù, kò bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ẹ̀rọ Otto Rohwedder ni wọ́n fi kọ́kọ́ ta búrẹ́dì gígé ní ìlú Chillicothe, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1928. Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń gé odindi búrẹ́dì kan, gbogbo ègé rẹ̀ á sì wọ ọ̀rá kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èérún, gígé kò yọ nínú ìwọ̀n rẹ̀, kò sì fi kún un. Ìgbà tí alábúrẹ́dì ń pín ìyẹ̀fun pípò ni ìwọ̀n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi díẹ̀ lé e nítorí omi tí iná yóò fà gbẹ. Odindi wàràkàṣì tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì ló ń ti inú ọ̀kan jáde, ibi tí pákẹ́ẹ̀tì kan parí sí sì ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ ni wọ́n ti ń pín in.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí àyè àṣìṣe ṣe kéré tó. Ká ní ègé wàràkàṣì kan nípọn tó mìlímítà méjì, tó sì wúwo tó 20 gíráàmù. Mẹ́wàá rẹ̀ yóò jẹ́ 200. Bí ọ̀bẹ bá wá gé ègé kọ̀ọ̀kan ní fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú ìdámẹ́wàá mìlímítà kan, èyí tí kò ju ìnípọn abala bébà kan lọ, ègé kọ̀ọ̀kan á fi gíráàmù kan dín, pákẹ́ẹ̀tì náà á sì fi mẹ́wàá dín. Òfin Yúróòpù, tí a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́, fi òpin àìpé tó ṣeé fàyè gbà fún pákẹ́ẹ̀tì 200 gíráàmù sí gíráàmù mẹ́sàn-án. Ìnípọn abala bébà kan, lórí ègé kọ̀ọ̀kan, ló wà láàárín pákẹ́ẹ̀tì tó pé pérépéré àti èyí tí òfin ń fojú burúkú wò.

Nítorí èyí, iṣẹ́ ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó yí rárá. Ohun tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó dín ìyàtọ̀ ara odindi kù. Wàràkàṣì tí wọ́n ní lọ́kàn láti gé sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní onígun mẹ́rin, kí ojú gígé rẹ̀ lè bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bacon, ló le jù. Ọ̀rá pọ̀ níbì kan, ẹran pọ̀ níbòmíràn. Etí kan fẹ́lẹ́, èkejì nípọn. Wọ́n á mú un tutù títí yóò fi lọ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, àmọ́ tí kò ní le gbagidi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, tí igun rẹ̀ yóò sì yọ. Iṣẹ́ méjì ni òtútù yìí ń ṣe: ó ń mú kí ìrísí tí ìtẹ̀ fún ẹran náà dúró, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀bẹ gé e mọ́lẹ̀ láìfà á ya. Ẹran tó rọ̀ jù máa ń sún sẹ́yìn lábẹ́ ọ̀bẹ, ọ̀rá rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tó dì jù máa ń fọ́. Lọ́nà méjèèjì, ègé tí wọ́n ṣètò fún kọ́ ni yóò jáde.

Lẹ́yìn ìtẹ̀ ni ìwò. Ẹ̀rọ òde òní máa ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí ara odindi, ìmọ́lẹ̀ náà á sì fa ìlà tín-ín-rín kan sí i lára bó ti ń kọjá. Níbi tí ara ẹran bá yọ, ìlà náà á tẹ̀ sókè. Níbi tó bá jìn, á tẹ̀ wálẹ̀. Kámẹ́rà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wo bí ìlà náà ṣe tẹ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sì ti ń ṣírò bí ojú gígé ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí odindi bá fi máa kọjá tán, kọ̀ǹpútà ti mọ ìrísí gbogbo ara rẹ̀, gíga àti kòtò. Bí wọ́n bá tún wọn odindi náà, tí a mọ bó ṣe wúwo tó àti àyè tí ó gbà, a ti mọ ìkì rẹ̀ ní ìpíndọ́gba nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á wá pín in kí ọ̀bẹ tó kàn án: ibi báyìí ni ègé yóò ti nípọn díẹ̀, ibi báyìí ni yóò ti fẹ́lẹ́, ibi báyìí ni pákẹ́ẹ̀tì kẹta yóò parí sí. Orí àti ìdí odindi, tí ojú wọn kò tíì fẹ̀ tó, á lọ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ọgbọ́n ẹni tó ń gé iṣu náà ni, àfi pé ẹ̀rọ ń fi ìdá kékeré nínú mìlímítà lò ó.

Ṣùgbọ́n lésà kò rí inú. Wàràkàṣì Emmental ti Switzerland ló ń fi ìyẹn hàn jù. Bó ti ń gbó, kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Propionibacterium máa ń mú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà kò sì rí ọ̀nà lọ, ló bá fẹ́ ihò síbẹ̀. Ègé méjì tí ojú wọn fẹ̀ bákan náà, tí wọ́n sì nípọn bákan náà, lè yàtọ̀ ní ìwọ̀n nítorí pé ihò pọ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Fún irú èyí, àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń lo ìtànṣán X, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Ohun tó ki máa ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán yìí dúró, ihò sì máa ń jẹ́ kó kọjá. Láti inú iye tó kọjá ni ẹ̀rọ ti ń mọ ìkì ibì kọ̀ọ̀kan, dípò kó máa fi ìpíndọ́gba gbogbo odindi méfò.

Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ìnípọn. Yíyí ló ń yí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń pinnu ìnípọn ni bí odindi ṣe sún síwájú tó láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti kọjá títí di ìgbà tó tún padà dé. Èékánná irin ló di ẹ̀yìn odindi mú, mọ́tò sì ń tì í lọ gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe pàṣẹ. Bí èékánná náà bá yọ̀ díẹ̀, tàbí tí ojú ọ̀bẹ kú tó wá ń ti ẹran dípò kó gé e, gbogbo ìṣirò tó ṣáájú á di asán. Bí iye ègé pákẹ́ẹ̀tì kan bá pé, odindi á dúró díẹ̀, ọ̀bẹ á sì yí lásán láìgé nǹkan kan. Àsìkò ìgé-asán yìí ni ègé tó ti tò lé ara wọn fi ń kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí bẹ́líìtì á gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n.

Irin ló rù bẹ́líìtì òṣùwọ̀n náà, ìtẹ̀ irin yẹn ni wọ́n sì ń kà. Ní 1938, Edward Simmons ní California àti Arthur Ruge ní Massachusetts, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́, rí i pé wáyà tín-ín-rín tí a lẹ̀ mọ́ ara irin lè sọ bí irin ṣe tẹ̀ tó, nítorí pé bí wáyà bá fà, ó máa ń ṣòro díẹ̀ sí i fún iná mànàmáná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ìtẹ̀ tí ojú kò lè rí ló ń di iye gíráàmù báyìí, bẹ́líìtì kò sì ní láti dúró. Iye yẹn ni òṣùwọ̀n fi ń jábọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gé e. Bí ìwọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bóyá nítorí pé wàràkàṣì tó dé lónìí ki ju ti àná lọ, kọ̀ǹpútà á dín bí odindi ṣe ń sún síwájú kù; bí ó bá ń wálẹ̀, á fi kún un. Ẹ jẹ́ ká máa pe èyí ní ìjábọ̀. Ìwò ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ìjábọ̀ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tó ní ìwò láìní ìjábọ̀ lè máa ṣe àṣìṣe kékeré kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tó ní ìjábọ̀ láìní ìwò á máa kábàámọ̀ lẹ́yìn gbogbo gígé.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí ìjábọ̀ bá wúlò tó báyìí, kí ẹ̀rọ kúkú máa tún ìnípọn ṣe lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ ìpalára ló ń ṣe. Nínú iṣẹ́ tó ń lọ déédéé, pákẹ́ẹ̀tì kan lè fi gíráàmù mẹ́rin dín, kí èyí tó tẹ̀ lé e fi mẹ́ta lé, láìsí ohun kan tó bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi mẹ́rin kún un nítorí èyí tó dín, èyí tí ì bá fi mẹ́ta lé tẹ́lẹ̀ á wá fi méje lé. Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà, ló ya àtẹ kan ní 1924 tó ń pín irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tó jẹ́ ìṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àti èyí tó ní okùnfà tí a lè wá rí kí a sì mú kúrò. Bí ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn ni ẹ jẹ́ ká pè ní ìfọ́nká. Ìṣirò fi hàn pé ẹni tó bá ń fi gbogbo àṣìṣe pákẹ́ẹ̀tì tó kọjá ṣàtúnṣe èyí tó ń bọ̀, nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́, ń mú ìfọ́nká pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣètò dáadáa máa ń kó ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì mélòó kan jọ, á wo ibi tí ìpíndọ́gba wọn ń lọ, á sì yí ìnípọn padà díẹ̀díẹ̀.

Àtakò kejì ni pé kí ilé iṣẹ́ kàn gé gbogbo rẹ̀ wúwo díẹ̀, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Èènì nìyẹn. Ṣùgbọ́n èènì ọjà, ẹni tó ń fún ni mọ̀ pé òun fún un, ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun gbà á, á sì tún padà wá ra ọjà. Èènì inú pákẹ́ẹ̀tì kò lójú, kò lẹ́nu. Ẹni tó gbà á kò mọ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń di 60 pákẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi gíráàmù márùn-ún lé. Kílógíráàmù 18 ló ń lọ ní wákàtí kan. Ní wákàtí mẹ́wàá, 180 kílógíráàmù ti lọ, èyí tó tó láti kún 900 pákẹ́ẹ̀tì. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò máa gbé irú òfò bẹ́ẹ̀ mì; inú iye tí wọ́n ń tà á ni wọn yóò ti yọ ọ́ padà. Oníbàárà ló ń san owó èènì tí kò bèèrè.

Ibí ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní 1976, tí Britain sì sọ di tirẹ̀ nínú òfin ọdún 1979, ní kókó mẹ́ta. Ìpíndọ́gba àwọn pákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ kéré sí iye tí wọ́n kọ sára wọn. Èyí tó bá dín ju àyè àìpé lọ, ìyẹn gíráàmù mẹ́sàn-án fún pákẹ́ẹ̀tì 200 gíráàmù, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú 40 lọ. Èyí tó bá sì dín ju ìlọ́po méjì àyè yẹn lọ, ìyẹn 18, kò gbọ́dọ̀ dé ọjà rárá. Ẹ wo bí ìlànà yìí ṣe ń fìyà jẹ ìfọ́nká. Ilé iṣẹ́ tí 95 nínú 100 pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò jìnnà ju gíráàmù mẹ́sàn-án lọ sí àárín lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí 200 gan-an, kó sì wà lábẹ́ òfin. Èyí tí tirẹ̀ fọ́n ká dé gíráàmù 12 ní ìhà kọ̀ọ̀kan ní láti gbé àárín lọ sí 203, kí àwọn tó ń ṣubú sí ìsàlẹ̀ 191 má bàa pọ̀ jù. Gíráàmù mẹ́ta orí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yẹn ni owó ìtanràn àìmọ̀ọ́gé.

Ṣé ìlànà ìpíndọ́gba kò wá fún ilé iṣẹ́ láyè láti rẹ́ni jẹ? Ẹni tó ra pákẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 193 gíráàmù kò ṣáà jẹ ìpíndọ́gba. Òótọ́ ni, ìbéèrè náà sì lágbára. Àmọ́ òfin tó bá sọ pé pákẹ́ẹ̀tì kankan kò gbọ́dọ̀ dín á mú kí gbogbo ilé iṣẹ́ gbé àárín wọn sókè gan-an, owó á sì bá a gòkè, a ó sì padà sórí èènì tí kò sẹ́ni tó bèèrè. Lábẹ́ ìlànà ìpíndọ́gba, ẹni tó ra 193 lónìí lè ra 207 lọ́la, kókó kẹta kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù jù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kókó àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí èrè kankan wà nínú rírẹ́ni jẹ: ohun tí ilé iṣẹ́ bá yọ lára ẹnì kan, ó ní láti fi kún ti ẹlòmíràn. Àwọn kan tún ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ kúkú dúró sí ìdí ẹ̀rọ, kó máa fi ègé kékeré kún èyí tó dín. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé òṣùwọ̀n ìkẹyìn máa ń ti èyí tí kò pé kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe nìyẹn, ó ń gba ọwọ́, ó ń gba àkókò, ọwọ́ tó ń kan oúnjẹ sì ń mú kòkòrò sún mọ́ ọn. Bí ìwò àti ìjábọ̀ bá ṣe dára tó ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn yóò ṣe dín kù tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe fi pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo dá ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sọ ọ́ di dandan pé kí ìwọ̀n ohun tó wà nínú oúnjẹ dídì hàn lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní òṣùwọ̀n ilé ìdáná sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ra mẹ́wàá tó ní ọjọ́ ìṣelọ́pọ̀ kan náà, ẹ wọn wọ́n, ẹ wọn ọ̀rá wọn lọ́tọ̀ kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá wo ìpíndọ́gba. Bí àwọn kan bá dín tí àwọn kan sì lé, iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá dín, ẹ má gbà pé ọ̀bẹ ló ṣàṣìṣe: ẹni tó pàṣẹ fún ọ̀bẹ ni kó wá ṣàlàyé.